Omi Lásán Ní Òun Ní Ibà Lassa: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Yàrá PCR Wa

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Èrèlé

Omi wa yọ pọ́sítíìfù lónìí.

Kí ẹni tí kì í ṣe ará ilé iṣẹ́ wa lè bá mi lọ: nígbàkigbà tí a bá fẹ́ wá ibà Lassa nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, a máa ń to túùbù kan mọ́ tiwọn tí kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Gbogbo èròjà àyẹ̀wò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi lásán ló wà ní ipò ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni omi yìí ní, kó dákẹ́. Àwọn túùbù yòókù lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì lè má sọ. Lónìí, nígbà tí ẹ̀rọ PCR, tó ń ṣe ẹ̀dà ohun ìdánimọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní ìyípo ìyípo kó lè hàn, dé ìyípo 37, ìlà omi lójú rẹ̀ gbéra nílẹ̀, ó sì ń gòkè lọ bíi ti ẹni tó ní àrùn lára.

Iṣẹ́ àárọ̀ náà bàjẹ́ pátápátá. Sáńpù 14 ni, wọ́n wá láti ìjọba ìbílẹ̀ 5. Bí omi bá ti sọ̀rọ̀, a kò gbọ́dọ̀ fi èsì ẹnikẹ́ni jáde, ì báà ṣe èyí tó dára tàbí èyí tí kò dára. Mo wá ń pe àwọn DSNO lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù di ọ̀la. Ọ̀kan nínú wọn dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, aláìsàn tèmi ò ní ọ̀la púpọ̀ o."

Ní ìrọ̀lẹ́, a kó gbogbo sáńpù náà sínú túùbù, túùbù sínú ike tó dí pinpin, ike sínú páálí líle, a gbé e sínú kúlà, awakọ̀ sì gbé e lọ sí Irrua ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ibà Lassa wò kí tiwa tó dé.

Ọjọ́rú

A ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe. A da ìgò omi nù, a ṣí tuntun. Omi yọ ní ìyípo 36. A da práímà, ìyẹn èròjà tó ń tọ́ka ibi tí ẹ̀rọ á ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà, tí a ti ń lò bọ̀ nù, a yọ òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. A fi túùbù omi mẹ́ta dánwò lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì yọ, ọ̀kan dákẹ́.

Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ yìí ń sọ ọ̀kan di méjì. Bí fáírọ́ọ̀sì bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kì í pẹ́ tó fi máa ń yọ, ìyípo 20 tàbí 25. Èyí tó bá kéré gan-an ló ń fà dé 36, 37. Nítorí náà ohun tó wà nínú omi wa kò pọ̀, ó kéré débi pé ó bọ́ sínú túùbù méjì, kò bọ́ sínú ìkẹta. Ìyẹn kò tù mí nínú rárá. Èyí tó pọ̀, èèyàn á tètè rí ibi tó ti ń wá.

Irrua ti fèsì ní ọ̀sán. Aláìsàn tí DSNO yẹn ń sọ ní ibà Lassa lóòótọ́. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ribavirin, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ibà Lassa.

Ọjọ́bọ̀

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn mọ́jú ni pé, ṣé fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ta sínú omi látinú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan, àbí ẹ̀dà tí ẹ̀rọ wa ti ṣe tẹ́lẹ̀ ló sá jáde? Ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n.

RNA ni fáírọ́ọ̀sì Lassa fi ń kọ ara rẹ̀. PCR kò lè ka RNA. Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, èròjà kan á kọ́kọ́ da RNA kọ sí DNA nínú ooru 50°C. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ á wá máa lọ sókè sódò láàárín 95°C àti 60°C, tí ẹ̀dà á máa pọ̀ sí i. Bí a bá fo 50°C yẹn, tí a gbé túùbù lọ sínú 95°C tààrà, èròjà tó ń da RNA kọ á kú kó tó ṣe ohunkóhun. Fáírọ́ọ̀sì gidi á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó ti di DNA tẹ́lẹ̀ á yọ bó ṣe máa ń yọ.

A ṣe é. Sáńpù kan tí a mọ̀ dájú, tó máa ń yọ ní ìyípo 24, dákẹ́ lọ́ lọ́ lọ́. Omi yọ ní 36.

Ilé wa ni olè wà. Ẹ̀dà tí àwa fúnra wa ṣe ló ń yí wa ká.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀ fún yín, torí òun ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀kan tó di méjì nígbà 40 ti lé ní 1,000,000,000,000. Bí ẹ̀kán omi kan bá ta jáde látinú túùbù bẹ́ẹ̀, tí kò ju ìdá kan nínú bílíọ̀nù lọ, ẹ̀dà bíi 1,000 ló bá a lọ. Ojú kò rí i, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó bá bọ́ sínú túùbù ẹlòmíràn lè sọ ẹni tí kò ní àrùn di alárùn lórí ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì

Yàrá mẹ́ta la ní. Ní Yàrá 1 la ti ń po èròjà, ẹ̀jẹ̀ kì í débẹ̀. Ní Yàrá 2 la ti ń yọ RNA látinú ẹ̀jẹ̀, nínú àpótí agbafẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ wà ní Yàrá 3. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìrìn ibẹ̀: kìíní sí èkejì, èkejì sí ẹ̀kẹta, kò sí ìpadàsẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní kóòtù tirẹ̀, ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, pípẹ́ẹ̀tì (ohun tí a fi ń fa omi wọn) tirẹ̀. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹni tó rú òfin yìí nínú wa.

A pinnu láti fi ọ̀wú nu gbogbo ibi tí ọwọ́ ń kàn, kí a fi ohun tí ọ̀wú bá gbé ṣe PCR. Kọ́pà tó ń sin ìjọba lọ́dọ̀ wa ló kọ orúkọ àwọn ibi náà sílẹ̀, 22: ọwọ́ fìrísà, bọ́tìnnì iná, pípẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, ìdérí sẹntirifíìjì (ẹ̀rọ tó ń fi túùbù yí kíákíá), àga, ọwọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó parí, ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi bírò kún un, pẹ̀lú rẹ́jísítà." Mo fẹ́ sọ fún un pé ọ̀wú ò tó. Mo dúpẹ́ pé n kò sọ ọ́.

Ìdérí ẹ̀rọ PCR yọ ní ìyípo 26. Bírò yọ ní 29. Ẹ̀yìn rẹ́jísítà, 31. Pípẹ́ẹ̀tì kékeré ti Yàrá 1, èyí tí a fi ń wọn práímà, 33. Ọwọ́ fìrísà Yàrá 1, 35. Gbogbo ibi yòókù dákẹ́.

Mo jókòó, mo ń wo bírò yẹn. Bírò aláwọ̀ búlúù lásán ni, ẹnìkan ti fi eyín jẹ ìdí rẹ̀. Láàárọ̀, ó wà ní Yàrá 1, a fi ń kọ nọ́ńbà sáńpù sínú rẹ́jísítà. Lọ́sàn-án, bírò àti rẹ́jísítà a bá wa dé Yàrá 3, a fi kọ èsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á padà sí Yàrá 1. A máa ń bọ́ kóòtù, a máa ń bọ́ ìbọ̀wọ́, a máa ń fọ ọwọ́. Ìwé àti bírò kò bọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìyẹn sọ bó ṣe ń rìn, kò tíì sọ bó ṣe jáde. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, a kì í ṣí túùbù lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti parí iṣẹ́. Bí a bá ti yọ ọ́, ó di inú ọ̀rá méjì tó ní ìdè, ó di iná. A kì í sè é nínú ìkòkò agbóná tí a fi ń pa kòkòrò nínú ìdọ̀tí yòókù, torí ooru ibẹ̀ lè ṣí ìdérí túùbù kí ó sì tú ẹ̀dà sínú afẹ́fẹ́ ilé.

Àwọn ọ̀rá tí a ti kó jọ ṣì wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n á sun wọ́n. A kò ṣí wọn, a gbé wọn sójú iná, a ń wo túùbù láti ìta. Nínú ọ̀rá tó ti tó ọjọ́ 19, a rí i. Ìdérí túùbù kan nínú mẹ́jọ gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, ó fẹ́rẹ̀ má hàn. Omi 25 µl tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju ìdajì lọ.

Ìdajì yòókù ti ta jáde pẹ̀lú ooru omi, ó ti lẹ̀ mọ́ ìdérí ẹ̀rọ. Ẹni tó yọ túùbù fọwọ́ kàn án, ó mú bírò, ó kọ èsì. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ nìyẹn.

Oríṣi túùbù yẹn ni ẹni tó ń ta ọjà fún wa gbé wá nígbà tí tiwa tán. Ó jọ ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n orí ìdérí rẹ̀ yọ díẹ̀, kò sì bá ìdérí ẹ̀rọ wa mu dáadáa. Kò sẹ́ni tó fi omi lásán dán an wò kí a tó kó ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sínú rẹ̀. Ọwọ́ wa nìyẹn ti ṣẹ̀.

Mo kọ ọjọ́ 19 yẹn sílẹ̀, mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Gbogbo èsì tí a ti fi jáde láti ọjọ́ náà di ohun tí a gbọ́dọ̀ tún wò.

Àwọn mẹ́rin

Èyí ló nira jù láti kọ.

Láàárín ọjọ́ 19 yẹn, àwọn tí a pè ní pọ́sítíìfù, tí ìyípo wọn lé ní 34, jẹ́ ènìyàn mẹ́rin. Omi ìgbà náà ṣì ń dákẹ́, torí náà kò sí ohun tó kìlọ̀ fún wa. Òfin wa sọ pé bí èsì bá yọ pẹ́ báyìí, kí a padà sí ẹ̀jẹ̀, kí a tún RNA yọ lọ́tun, kí a tún un ṣe kí a tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà yìí máa ń gbóná jù, sáńpù ń wọlé lemọ́lemọ́, a sì ti jẹ́ kí òfin yẹn sùn.

Ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì wà nínú fìrísà −80°C. A pín in, a kó o lọ sí Irrua ní alẹ́ Àbámẹ́ta náà. Mo pe àwọn dókítà wọ́ọ̀dù ìyàsọ́tọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bó ṣe rí.

Èsì dé ní ọjọ́ Ajé. Mẹ́ta kò ní ibà Lassa. Ọ̀kan ní in lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ti ń dínkù lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Torí ẹni kẹrin yẹn ni mo ṣe ń bá àwọn tó ń sọ pé kí a máa da gbogbo èsì tó bá kọjá 34 nù jiyàn. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun la ó ti rán lọ sílé láàárín àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta ń ta gaàrí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ti wà ní wọ́ọ̀dù ìyàsọ́tọ̀. Ribavirin máa ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sì ti wálẹ̀. Wọ́n ti ń wọn ooru ara àwọn ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá súnmọ́ alárùn fún ọjọ́ 21. Ní ọjà, wọ́n ti ń sọ pé eku ló wà nínú àpò gaàrí rẹ̀.

Èmi àti DSNO jọ lọ bá a nílé lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ wa ló ṣì í, àwa la sì ń tọ́jú ẹ̀rọ." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní mo ní i. Ẹ̀yin náà lẹ tún ní mi ò ní i. Èwo ni kí ọjà gbàgbọ́?" Kò béèrè owó. Ó ní kí n wá sọ ọ́ níwájú Ìyálọ́jà, ní ọjọ́ ọjà, kí àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ òun gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

A lọ. Mo sọ ọ́. Ìyálọ́jà bu gaàrí nínú àpò rẹ̀, ó jẹ ẹ́ níṣojú gbogbo wọn.

Àtúnṣe, ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Èrèlé

Bílíìsì ni olórí ohun tí a fi ṣe é: ìdá kan bílíìsì, ìdá mẹ́sàn-án omi, a ń po tuntun lójoojúmọ́ torí èyí tí a ti pò kì í lágbára mọ́ bó bá di ọjọ́ kejì. Kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 10, kí a tó fi omi nù ún, kí a tó fi ọtí 70% nù ún, torí bílíìsì ń jẹ irin sẹntirifíìjì. Ọtí nìkan kò tó. Ọtí ń pa fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n DNA kì í ṣe ohun alààyè tí ọtí lè pa. Bílíìsì ló ń gé e wẹ́wẹ́.

Ẹ dákun, ẹ má gbé bílíìsì súnmọ́ Yàrá 2 láìronú. Èròjà tí a fi ń tú fáírọ́ọ̀sì ká kí a tó yọ RNA ní guanidine nínú, bí bílíìsì bá sì kan guanidine, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde. Níbẹ̀, omi àti ọṣẹ la kọ́kọ́ fi fọ gbogbo ibi tí guanidine ti ta sí, ọ̀tọ̀ ni ìdọ̀tí rẹ̀.

A tan iná UV náà mọ́jú, ṣùgbọ́n n kò gbójú lé e. Ẹ̀dà tí àyẹ̀wò wa ń ṣe kúrú, èyí tó bá sì kúrú, iná UV kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i bàjẹ́, pàápàá bó bá ti gbẹ.

Gbogbo práímà, gbogbo omi, gbogbo èròjà tó ti wọ Yàrá 1 láàárín ọjọ́ 19 yẹn ni a dà nù. Ó dùn wá, owó ńlá ni. A pín tuntun sí kékeré kékeré tí a ó máa lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èròjà tuntun tí a béèrè fún ní ìṣọ́ kan nínú: ó ń jẹ́ kí ẹ̀dà wa máa gbé uracil, èròjà tí RNA máa ń ní, dípò thymine tó máa ń wà nínú DNA, ó sì ní èròjà tó máa ń jẹ DNA èyíkéyìí tó bá ní uracil kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í fọwọ́ kan RNA. Ẹ̀dà àná kò ní lè ṣe wàhálà fún iṣẹ́ òní. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí thymine ni ìyẹn gbé. Nítorí náà, kò dá wa sí nínú fífọ̀.

Rẹ́jísítà ti di mẹ́ta. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kì í jáde. Bírò kọ̀ọ̀kan ni a fi okùn so mọ́ tábìlì. Wáyà kan ń gbé èsì láti Yàrá 3 lọ sí kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì, kò sí ìwé tó ń rìn mọ́. Fóònù kò wọ inú yàrá kankan. Èyí dá àríyànjiyàn sílẹ̀, torí fóònù la fi ń ka àkókò, títí tí ẹnìkan fi ra aago ògiri mẹ́ta wá láti ọjà.

Omi nìkan

Fún ọjọ́ mélòó kan, omi nìkan la ń yẹ̀ wò. Túùbù 48 lẹ́ẹ̀kan, ìyípo 45. Ní ìgbà kìíní, ọ̀kan nínú 48 yọ, ìyípo 38. Kọ́pà tún gbé ọ̀wú. Àgbékà tí a ń to túùbù sí ní Yàrá 1 ni, ihò kan nínú rẹ̀. A ju àgbékà nù, a ra òmíràn. Ìgbà kejì, 48 dákẹ́. Ìgbà kẹta, NEPA mú iná lọ ní ìyípo 31, ínfátà gbé e dé òpin, 48 dákẹ́. Ìgbà kẹrin, 48 dákẹ́.

Ẹ̀rọ tó kàn ń dákẹ́ kò wúlò o. A ní láti mọ̀ bóyá ó ṣì lè sọ̀rọ̀. A mú kọ́ńtróòlù, ìyẹn ohun ìdánwò tó yẹ kó yọ, tí a mọ iye rẹ̀, a là á ní ìdá mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní ìṣirò, ìyípo 3.3 ló yẹ kó wà láàárín ọ̀kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Tiwa jẹ́ 3.4. Fáírọ́ọ̀sì Lassa yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ti gúúsù Nàìjíríà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti àríwá, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bíi ti Sierra Leone. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo àyẹ̀wò tó ń wá ojú méjì lára rẹ̀, kí ọ̀kan lè mú un bí èkejì bá tàsé. A rí i pé ojú méjèèjì ṣì ń ríran. Sáńpù 10 tí Irrua fi ránṣẹ́ sí wa láìsọ èsì wọn, èsì wa bá tiwọn mu ní mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Oṣù Ẹrẹ́nà

A ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Sáńpù 9 ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Méjì la dá padà lójú ẹsẹ̀ torí inú túùbù onídèérí àwọ̀ ewé ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sí. Heparin, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wà nínú ìyẹn, heparin sì máa ń dí PCR lọ́nà. Onídèérí elésè-àlùkò la ń fẹ́. Méjì nínú méje tó kù yọ, ìyípo 22 àti 27. Omi dákẹ́. Èsì dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà kí ilẹ̀ tó ṣú.

DSNO tó sọ fún mi pé aláìsàn òun ò ní ọ̀la púpọ̀ pè lánàá. Ọkùnrin náà ti lọ sílé.

Ohun méjì ló kù. Síílìn Yàrá 1 àti ti Yàrá 3 wọnú ara wọn lókè, káfíńtà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì láti fi pákó dí àárín wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kọ́pà á máa fi ọ̀wú nu ibi 24. Lọ́sẹ̀ yìí, 23 dákẹ́. Ọwọ́ ilẹ̀kùn Yàrá 3 yọ ní ìyípo 38. A ti fọ̀ ọ́, a ó tún un yẹ̀ wò lọ́la.